Ṣúgà Lẹ Pò, Ẹ Ní Ọmọ Ti Jẹun

Ẹ̀yin òbí tó wà ní Ọjọ́ta, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá wí lónìí. Ará Kétu, ará Ògùdù, ẹ má rọra yọ́ kọjá, ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Kí ni ọmọ yín jẹ kó tó jáde nílé láàárọ̀ yìí? Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn. Tíì ni. Ẹ bu Milo tàbí Bournvita sínú kọ́ọ̀bù, ẹ da omi gbígbóná lé e, ẹ ju ṣúgà oníhóró mẹ́ta sí i, ẹ fi búrẹ́dì tì í, ó parí. Lójú tiyín, ọmọ ti jẹun, agbára ti dé, ọpọlọ ti jí. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lára ike ni. Ọmọ inú àwòrán kọ́ lẹ ń tọ́.

Ẹ yí ike náà padà. Mo mọ̀ pé ẹ kì í wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ nìkan lẹ máa ń wò, àwọn mìíràn nínú yín kò tilẹ̀ wo ìyẹn. Bó bá jẹ́ sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré ni, tí lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà, ẹ gbé e sún mọ́ iná. Wọn kì í ṣàdédé to orúkọ àwọn èròjà wọ̀nyẹn. Èyí tó wúwo jù nínú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ṣáájú, wọ́n á wá máa tò ó wálẹ̀ títí dórí èyí tó kéré jù. Ẹ wo ibi tí ṣúgà jókòó sí. Ẹ wá wo ibi tí fítámì tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ wà, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá kà á tán, tí ẹ tún ju hóró ṣúgà mẹ́ta sí i, ẹ jẹ́ n gbọ́ àwíjàre yín.

Ẹnìkan á ní, "Bàbá, wọ́n fi èròjà tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun sí i." Òótọ́ ni, wọ́n fi sí i, n kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe májèlé. Ṣùgbọ́n ẹyin kan ṣoṣo ní nǹkan bíi giramu 6 purotéènì, èyí tó ń mú ọmọ dàgbà. Sáṣẹ́ẹ̀tì giramu 20 kò ní ìdajì ìyẹn. Ẹ̀wà gbígbẹ giramu 100 ní ju 20 lọ. Ẹ̀wà tí ẹ ń pè ní oúnjẹ tálákà!

Ẹ tún jẹ́ n sọ ibi tí Milo ti wá fún yín. Ọmọ ilẹ̀ Australia kan tó ń jẹ́ Thomas Mayne ló ṣe é ní 1934, lásìkò tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò rí oúnjẹ gidi jẹ. Mílíìkì ni wọ́n fi ń pò ó níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba ilẹ̀ náà wá gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n fi ń lẹ ìràwọ̀ mọ́ oúnjẹ: bí oúnjẹ bá ṣe ṣara lóore tó ni ìràwọ̀ rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, 5 ni òpin rẹ̀. Nestlé, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Milo, lẹ ìràwọ̀ 4.5 mọ́ ọn. Àwọn tó ń jà fún ìlera aráàlú fárígá. Wọ́n ní mílíìkì tí wọ́n ti fa ọ̀rá rẹ̀ kúrò ni ilé-iṣẹ́ náà kà mọ́ ọn, pé bí a bá wọn ìyẹ̀fun inú ike nìkan, 1.5 ni ì bá gbà. Ní 2018, ilé-iṣẹ́ náà yọ ìràwọ̀ náà kúrò. Ṣé ẹ gbọ́? Mílíìkì ló gba ìràwọ̀ 3 nínú 4.5. Ẹ̀yin ńkọ́? Omi lẹ fi ń pò ó. Bí ẹ bá sì ra mílíìkì oní-sáṣẹ́ẹ̀tì lé e, ẹ wo ẹ̀yìn ìyẹn náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn, òróró ni wọ́n fi rọ́pò ọ̀rá wàrà. Ìyẹn di ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn.

Bournvita náà rí tirẹ̀ ní Íńdíà. Ní April 2023, ará Íńdíà kan tó ń jẹ́ Revant Himatsingka ṣe fídíò kan, ó ní ṣúgà inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Bournvita fi lẹ́tà lọ́yà ránṣẹ́ sí i, ó yọ fídíò náà, ó tún bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ sétí aráyé. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti dín ṣúgà tí wọ́n ń fi sí i kù, láti giramu 37.4 nínú 100 sí 32.2. Nígbà tó di April 2024, ìjọba Íńdíà pàṣẹ fún àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n yọ Bournvita àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò lábẹ́ ohun mímu aṣaralóore. Àgídíǹgbí l'Èkó níbí ni wọ́n ti ń ṣe Bournvita tiwa, bí wọ́n ṣe ń pò ó lè yàtọ̀. Ẹ̀yìn ike tiwa ni kí ẹ kà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ká ní tiwa kò ju ti Íńdíà tí wọ́n ti dín kù yẹn lọ, giramu 20 ìyẹ̀fun á ní ju giramu 6 ṣúgà lọ. Hóró mẹ́ta tí ẹ fi ọwọ́ ara yín jù sí i, ó kéré tán, giramu 12. Ó ti ju 18 lọ, a kò tíì ka ṣúgà inú búrẹ́dì. Ní 2015, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ó dára kí ṣúgà tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má ju nǹkan bíi giramu 25 lọ, ìyẹn ṣíbí kékeré mẹ́fà. Àgbàlagbà ni mo wí o. Ọmọ ọdún mẹ́fà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìpín àgbà tán kí ilẹ̀ tó mọ́, bísíkíìtì àti júùsì ìsinmi ráńpẹ́ ṣì ń dúró dè é nílé ìwé. Ẹ wá ń bi mí pé kí ló ń jẹ ọmọ yín léyín.

Ẹ̀yin tó ń po ìyẹ̀fun yìí mọ́ ẹ̀kọ ọmọ oṣù mẹ́jọ, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bínú sí jù. WHO kan náà sọ ọ́ ní 2023 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò gbọdọ̀ mu ohun mímu tí wọ́n fi ṣúgà sí. Ẹ ní kò ní mu ún bí kò bá dùn. Ta ló kọ́ ahọ́n rẹ̀ ní dídùn?

Mo mọ àwíjàre yín: kò sí àyè, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Ìkòròdú Road kò mọ aago, aago márùn-ún lẹ ń jáde. Mo ń rí yín. Mo ń rí ọmọ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù, tó ń tòògbé léjìká ìyá rẹ̀ ní ibùdókọ̀, tí ìyá ń mi ìgò tíì mọ́ ọn lẹ́nu. Àánú yín ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n ìyá alákàrà ti gbé agbada kaná ní ẹ̀gbẹ́ yín níbẹ̀, ẹ̀wà ló lọ̀, ẹ kò sì bojú wò ó. Ọjà Mile 12 nìyẹn, ibi tí gbogbo Èkó ti ń wá ra oúnjẹ, ọjà èso Kétu ò sì jìnnà. Ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ọjà bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kò sí oúnjẹ ọmọ mìíràn yàtọ̀ sí ti inú ike.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má fi mí ṣẹ̀rín. Kọ́ọ̀bù ràgàjì tí ẹ ń mu lálẹ́, tí ẹ ó sùn lé lórí, ta ló ń bá yín kà á? Ẹ ti ń lọ yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò bí?

N kò ní kí ẹ má mu tíì mọ́. Ṣíbí kékeré méjì ìyẹ̀fun náà ti tó, ẹ fi mílíìkì gidi pò ó bí agbára bá gbé e, kí àkàrà tàbí ẹyin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Páálí ṣúgà yẹn, ẹ gbé e kúrò lórí tábìlì lálẹ́ òní, kí ọmọ tó jí.