Ọ̀gá Rí Ọkọ̀ Mìíràn Gùn, Awakọ̀ Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí dá lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó lè rà á. Kí ẹ má ṣe sọ pé kí ni ó kàn wá níbẹ̀. Ó kàn wá, ó sì ti kan ọ̀kan nínú wa dé inú ìkòkò ọbẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ ni ó ń wa ọkọ̀ fún ọ̀gá iléeṣẹ́ kan ní Àpápá níbí. A kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà, nítorí ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Iléeṣẹ́ yìí ra ọkọ̀ bọ̀gìnnì oníná mànàmáná fún ọ̀gá, èyí tí kì í mu epo, tí kì í pariwo, tí ó jẹ́ pé bí ó bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ o kò ní gbọ́. Awakọ̀ wa ń tọ́jú ọkọ̀ náà bí ẹni pé òun ni ó ni ín. Ní ọjọ́ kan ní Creek Road, nígbà tí omi òjò bo kòtò mọ́lẹ̀, abẹ́ ọkọ̀ náà gbá irin kan tí ó yọrí nínú kòtò. Iná pupa tàn níwájú awakọ̀, ọkọ̀ kò sì lọ mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n tà á.

Ó tó oṣù mẹ́rin kí ọkọ̀ náà tó padà.

Ọ̀gá kò fi ẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kejì gan-an ni àwọn tí ó ta ọkọ̀ fi òmíràn ránṣẹ́ sí i, ọkọ̀ àyálò, pé kí ó máa gùn ún títí tirẹ̀ yóò fi dára. Ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àyálò yìí kò dá wá. Awakọ̀ tirẹ̀ ni ó wà á wá, wọ́n ní inṣọ́ránsì àwọn kò gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan sítíárì rẹ̀. Ni máníjà tí ń mójútó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ bá pe ọmọ ẹgbẹ́ wa sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ máa lọ sílé ná. Bí ọkọ̀ yín bá ti jáde, a ó ránṣẹ́ pè yín." Kò lé e, kò sì fún un ní ìwé kankan. Nígbà tí oṣù parí, owó kò wọlé. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì, ìyàwó rẹ̀ tí ń ta ẹ̀kọ ní ọjà Boundary ti fi owó ọjà bọ́ ilé tán.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń pẹ́. Ọkọ̀ tiwa, bí ó bá bàjẹ́, a ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ríwáyà yóò wo tirẹ̀, bí páàtì bá wọ́n, ẹnìkan yóò sáré dé Ládípọ̀ ní Múṣín, ilẹ̀ kò sì ní ṣú kí tòkunbọ̀ rẹ̀ tó dé. Ọkọ̀ oníná kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí a ń gbé sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ sí abẹ́ ọkọ̀, ó wúwo ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kílò, agbára iná inú rẹ̀ sì tó fóòtì 400. Àwọn mìíràn tilẹ̀ tó 800. Ẹ rántí pé iná NEPA tí ń gbé ènìyàn nínú ilé kò ju bíi 240 lọ. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó mọ sípánà dì mú ni ó lè ṣí i. Ẹni tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà ni, tí ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, tí yóò kọ́kọ́ já iná bátìrì kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Irú wọn kò tíì pọ̀ ní Nàìjíríà. Bí ó bá sì di pé kí a pààrọ̀ bátìrì, òkè òkun ni yóò ti wá. Ẹrù eléwu ni wọ́n kà á sí, ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé e, ibi tí yóò sì gúnlẹ̀ sí ni ibi tí àwa mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ: èbúté Àpápá tàbí Tin Can. Àwa tí a ti sùn sórí ìlà nínú tírélà mọ bí ẹrù ṣe ń jáde níbẹ̀.

Àwọn òyìnbó pàápàá kò tíì bọ́ nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thatcham Research, tí ń bá àwọn iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì ṣèwádìí nípa àtúnṣe ọkọ̀, sọ ní ọdún 2023 pé bí ọkọ̀ oníná bá ní jàǹbá, owó rẹ̀ ń fi nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti elépo lọ, àtúnṣe rẹ̀ sì ń fi nǹkan bí ìdá 14 pẹ́ jù ú lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Hertz tí ń fi ọkọ̀ ṣe háyà ní Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò ta nǹkan bí 20,000 ọkọ̀ oníná, owó àtúnṣe sì wà lára ohun tí wọ́n sọ pé ó fà á.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀ràn ọ̀gá kan péré ni. Ọdún 2020 ni Stallion fi Hyundai Kona oníná han Èkó. Ní ọdún 2023, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pẹ̀lú Oando gbé bọ́ọ̀sì oníná wọlé láti dán an wò, ọdún yẹn kan náà sì ni ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ lórí epo, tí gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà mìíràn. Wọn yóò máa pọ̀ sí i. A kò sì bá ọkọ̀ oníná ṣọ̀tá. Ẹni tí ó bá ti fa èéfín dísù láti Mile 2 dé Wharf Road kò lè bá a ṣọ̀tá.

A kò bínú sí ọkọ̀ àyálò pẹ̀lú. Àwọn ará wa tí ń gbé London mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí ọkọ̀ wọn bá wà ní gáréèjì tí inṣọ́ránsì yàn, ọ̀pọ̀ inṣọ́ránsì a máa yá wọn ní ọkọ̀ kékeré kan títí tiwọn yóò fi jáde. Ohun tí ó dára ni. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe àti ọmọ láti gbé lọ sí ilé-ìwé. Ẹni tí ó ronú kan èyí ronú dáadáa. Ohun tí a ń bèèrè ni pé, nígbà tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń ṣírò ìnira tí yóò bá ọ̀gá, ta ni ó ṣírò ti awakọ̀? Ọkọ̀ ní inṣọ́ránsì. Ọ̀gá ní ọkọ̀ àyálò. Àwọn tí ó tà á rí owó iṣẹ́ wọn gbà. Awakọ̀ nìkan ni wọ́n fún ní "ẹ máa lọ sílé ná".

Òfin kò sì wí bẹ́ẹ̀. Òfin Iṣẹ́ tí ìjọba ṣe ní ọdún 1974, tí a ń pè ní Labour Act, ṣì wà lórí ilẹ̀. Apá 17 rẹ̀ sọ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ pèsè iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ náà bá yọjú tí ara rẹ̀ sì le. Bí kò bá pèsè iṣẹ́, yóò san owó ọjọ́ náà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́, àfi tí àdéhùn ẹgbẹ́ bá sọ ohun mìíràn. Iléeṣẹ́ fèsì sí wa pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kọjá agbára àwọn. A ní a gbọ́. Òfin náà mọ irú rẹ̀: bí ohun tí ó kọjá agbára agbanisíṣẹ́ bá dé, owó ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni ó di dandan, ṣùgbọ́n àkókò náà kò gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, àyàfi tí òṣìṣẹ́ Ministry of Labour tí ó ní àṣẹ bá fi kún un. Wọn kò tọ òṣìṣẹ́ Ministry lọ. Ọ̀sẹ̀ kan kì í sì ṣe oṣù mẹ́rin.

Máníjà tún fẹ́ máa yọ owó bátìrì lára owó oṣù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Èyí a kò jẹ́ kí ó jókòó. Apá 5 òfin kan náà kò fàyè gbà á láti yọ irú owó bẹ́ẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ Ministry, àti pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí kò náání iṣẹ́ rẹ̀. Kòtò tí omi bò kì í ṣe àìnáání.

Ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ wa ṣe àṣìṣe kan, a sì ti sọ fún un lójú ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí ó máa lọ sílé, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi jókòó kí ó tó sọ fún wa. Òfin ní ẹni tí ó bá YỌJÚ. Láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ ni a ti ní kí ó máa wá ní agogo méje àárọ̀, kí ó fọwọ́ sí ìwé ní ẹnu géètì, kí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ó tijú, ó ní àwọn ọmọdé sìkọ́ríítì ń fi òun rẹ́rìn-ín. Owó gbogbo ọjọ́ tí ó fọwọ́ sí ni wọ́n ti san. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó kù tí a ṣì ń fà.

Kí a má tan ara wa jẹ, òfin yìí kò bo gbogbo awakọ̀. Ẹni tí ń wa ọkọ̀ fún olówó nínú ilé, tí kì í ṣe fún òwò, kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ń gba ọkọ̀ lójúmọ́ tí ń san dẹ̀lífárì kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti wá kan àwa fúnra wa. Àwọn kan nínú wa tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kíkankíkan ní ìpàdé ní kórópe tí wọ́n fún ọmọ ọlọ́mọ wà ní Ajégúnlẹ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wọn a ní dẹ̀lífárì ń ká jọ. Ẹ̀yin mọ ara yín. Bí a bá ń bèèrè lọ́wọ́ òyìnbó àti Líbáánì ohun tí àwa kò lè ṣe fún ọmọ Boundary, ojú yóò tì wá.

Ní ti àwọn awakọ̀ tírélà àti táńkà wa, owó oṣù tí ó wà nínú ìwé kéré, owó tírípù ni ẹ fi ń jẹun. Bí orí ọkọ̀ bá wà ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọn a san owó oṣù, wọn a ní àwọn ti pa òfin mọ́, ebi a sì máa pa yín. Nígbà tí a bá tún jókòó lórí ìwé àdéhùn wa pẹ̀lú àwọn agbanisíṣẹ́, a fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé bí ọkọ̀ bá wà ní àtúnṣe ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, kí wọ́n fún awakọ̀ ní ọkọ̀ mìíràn wà, tàbí kí wọ́n san ìdajì owó tírípù tí ó ń rí tẹ́lẹ̀. Mọ́tò-bọ́ì náà wà nínú rẹ̀. A mọ̀ pé wọn yóò ní owó kò sí.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù awakọ̀ kọ ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ wọ wọ́kíṣọ́ọ̀bù àti ọjọ́ tí ó jáde, láti ọdún tí ó kọjá títí di òní, pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀, kí ó sì fi lé aṣojú ẹgbẹ́ ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kí ìpàdé ẹ̀ka tí ń bọ̀ tó dé. Ẹni tí kò bá lè kọ̀wé, kí ó wá bá wa lẹ́yìn iṣẹ́, a ó bá a kọ ọ́.