Gbogbo Dúdú Kọ́ Ni Èédú Bọ̀ọ̀lì

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ta ni kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀? Ìrísí kì í sọ ohun tó wà nínú, ó tán. Ohun tó ń bíni nínú ni pé ní Port Harcourt, àwọn kan ṣì ń wo ẹ̀yìn alángbá, wọ́n sì ń búra pé ara gbogbo wọn le. Wọ́n ní sóòtù, èérí dúdú inú èéfín tó ń bà lé ògiri àti aṣọ sísá láti ìparí 2016 kò ju kábọ́ọ̀nù lọ. Kábọ́ọ̀nù náà, wọ́n ní, ló wà nínú èédú tí wọ́n fi ń sun bọ̀ọ̀lì àti ẹja lẹ́bàá títì, èédú sì làwọn baba ńlá wa fi ń dáná kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ epo rọ̀bì. Kí ló wá kù tí ìlú ń pariwo lé lórí?

Irọ́ ni. Irọ́ tó lè pààyàn sì ni.

Kábọ́ọ̀nù ni méjèèjì lóòótọ́. Kábọ́ọ̀nù náà ni dáyámọ́ńdì, òun náà ló sì wà nínú pẹ́ńsù ọmọ iléèwé. Nínú dáyámọ́ńdì, átọ̀mù kọ̀ọ̀kan di mẹ́rin mìíràn mú, ìdè náà sì le bákan náà níhà gbogbo. Ìdí nìyẹn tó fi ń gé gíláàsì. Ti pẹ́ńsù yàtọ̀. Mẹ́ta péré ni átọ̀mù kọ̀ọ̀kan dì mú, wọ́n sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní tí wọ́n tò léra. Inú ẹní kọ̀ọ̀kan lágbára gan-an, ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàrin ẹní kan àti èkejì ju ìlọ́po méjì àlàfo átọ̀mù sí átọ̀mù lọ, ohun tó so wọ́n pọ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹní òkè ń yọ̀ kúrò lórí tìsàlẹ̀, òun ló ń kù sórí ìwé tí à ń pè ní ìkọ̀wé. Átọ̀mù kan náà ni o. Bí wọ́n ṣe dira wọn mú ló yí ìwà padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó ṣàjèjì sí ará Port Harcourt. Ní Eléme tó wà nítòsí, níbi iléeṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ tà fún Indorama ní 2006, wọ́n ń so kábọ́ọ̀nù inú gáàsì mọ́ra di ẹ̀wọ̀n gígùn, òun ni wọ́n ń fi ṣe ike. Bí ẹ̀ka bá pọ̀ lára irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀, wọn kò ní lè sún mọ́ra, ohun tó bá jáde á rọ̀, á ṣeé nà: ọ̀rá nìyẹn. Bó bá gún gbọọrọ, wọ́n á tò tímọ́tímọ́, á le: kẹ́ẹ̀gì nìyẹn.

Táyà tún ń kọ́? Michelin ṣe táyà ní Port Harcourt fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó ti iléeṣẹ́ náà pa ní 2007. Sóòtù tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ni wọ́n máa ń pò mọ́ rọ́bà kó lè lágbára, kó má tètè jẹ. Sóòtù tí rọ́bà há mọ́ra wúlò púpọ̀. Èyí tó ń fò kiri ni ẹjọ́ wà fún.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń dá a. Nínú igbó ẹgbẹ́ odò, níbi tí wọ́n ti ń se epo jíjí, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní kpo-fire, iná gbalasa ni wọ́n fi ń se epo rọ̀bì, afẹ́fẹ́ kì í sì í tó iná náà. Kábọ́ọ̀nù tí kò rí ọ́síjìn tó á máa so mọ́ra wọn ní mẹ́fà-mẹ́fà, á di ẹní kéékèèké, ẹní náà á ká kò, á di hóró roboto tí kò ju nǹkan bí 20 sí 50 nánómítà lọ. Èyí tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan lè tò sórí ìbú irun orí kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fi ìka nu ojú fèrèsé ní àdúgbò Diobu láàárọ̀ á mọ̀ ọ́n lọ́wọ́: erùpẹ̀ a máa gbọ̀n dànù, eléyìí ń tàn ká ìka ni, omi lásán kì í sì í ṣí i, àfi ọṣẹ.

Níbí ni èédú bọ̀ọ̀lì ti yà kúrò lára rẹ̀. Èédú ṣì gbé àwòrán igi tó bí i wọ̀. Ihò wẹ́wẹ́ ara igi wà níbẹ̀, òórùn àti ìdọ̀tí sì máa ń lẹ̀ mọ́ inú ihò náà, ìdí tí wọ́n fi ń fi irú rẹ̀ sẹ́ omi. Ohun tó bá dì mú, ojú kan ló ti ń dì í mú. Sóòtù náà ní ara tó ń di nǹkan mú, ṣùgbọ́n májèlé inú iná epo ló ń dì mú, irú bíi benzo[a]pyrene, á sì gbé e wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ní 1775 ni Percivall Pott, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti kọ̀wé pé àwọn tó ń gbá sóòtù inú ihò èéfín ń ní jẹjẹrẹ. Ní 2013, àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ àgbáyé fi irú èérí kíkúnná bẹ́ẹ̀ inú afẹ́fẹ́ sáàárín ohun tó dájú pé ó ń fa àrùn náà.

Wọ́n á ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń se epo kò níṣẹ́. Àìníṣẹ́ ń dunni, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró ọmọ aládùúgbò kọ́ ni wọ́n fi ń san owó oṣù. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó gba àròjinlẹ̀ ni ti òwe kejì: ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Nígbà mìíràn, ó ṣẹ. Ní April 2022, ibi tí wọ́n ti ń se epo gbiná ní Ohaji-Egbema ní Ìpínlẹ̀ Ímò, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún kú. Ṣùgbọ́n eérú Port Harcourt kì í tọ adaeérú nìkan. Ó ń tọ ìyá tó sá aṣọ ọmọ ìkókó síta, ó ń tọ ọmọ iléèwé ní àdúgbò Borokiri. Àwọn tó ń dà á sì pọ̀. January 2022 ni Nyesom Wike, gómìnà Ìpínlẹ̀ Rivers nígbà náà, pàṣẹ pé kí wọ́n wá àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń se epo jíjí rí kí wọ́n sì bà wọ́n jẹ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ láti ọdún pípẹ́ làwọn agbófinró ti ń dáná sun epo tí wọ́n bá gbà níbẹ̀, lójú gbalasa, láìsí afẹ́fẹ́ tó tó. Iná kan náà nìyẹn, hóró kan náà ló sì ń bí. Hóró náà kò mọ̀ bóyá olè tàbí ọlọ́pàá ló ṣáná.

Nítorí náà, iṣẹ́ tó kù ṣeé tọ́ka sí. Kí wọ́n gbé epo tí wọ́n bá gbà lọ sínú táńkì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sun ún mọ́. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ẹ̀rọ tó ń wọn èérí kíkúnná inú afẹ́fẹ́ sí Diobu, Borokiri àti Eléme, kí wọ́n sì máa ka iye rẹ̀ lórí rédíò lójoojúmọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 5 máíkrógíráàmù nínú mítà oníhà mẹ́ta kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ ní 2021 pé kò yẹ kí ìpíndọ́gba ọdún kọjá.