Ẹyẹ Wo Ni Ó Yẹ Kí A Rà?

Àwọn àgbà a máa wúre pé odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú èyí tí a ń dẹkùn mú nínú igbó ni ó ń kú kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò rà á. Nígbà tí odídẹrẹ́ ń dín kù, àwọn orílẹ̀-èdè pinnu ní Johannesburg ní ọdún 2016 pé kí a má ṣe fi èyí tí a mú nínú igbó ṣòwò láti ilẹ̀ kan sí òmíràn mọ́.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ẹyẹ ọ̀sìn ní Ajégúnlẹ̀, kí ó ra ẹyẹlé, tàbí budgerigar, ìbátan odídẹrẹ́ láti ilẹ̀ Ọsirélíà, èyí tí a ń bí sínú àgò.

Kí ó má sì kánjú rà á. Kí ó kọ́kọ́ wò ó láti òkèèrè, nítorí ẹyẹ a máa fi àìsàn pamọ́ lójú ènìyàn. Ojú ẹyẹ tí ara rẹ̀ le a máa dán, imú rẹ̀ a gbẹ, ìdí rẹ̀ a sì mọ́. Èyí tí ó wú ìyẹ́ sókè, tí ó ń tòògbé lọ́sàn-án, tí ìrù rẹ̀ ń mì bí ó ti ń mí, aláìsàn ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí àánú tàbí owó pọ́ọ́kú rà á. Ní Ajégúnlẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń lo àgbàlá kan, àrùn ẹyẹ mìíràn sì lè ran ènìyàn.

Ẹyẹ ń fẹ́ oúnjẹ, omi mímọ́ àti àgò tí a ń gbá lójoojúmọ́. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, kí ó máa wo ẹyẹ lójú ọ̀run.