Ṣé Ilé Ìtajà Ni Àwọn Ọmọ Wa Yóò Máa Lọ Wò Títí?

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ń gbé ní Àbújá, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ sọ láìfi bọpo bọyọ̀. Bó bá dun ẹnikẹ́ni, kí ó foríjì mí. Ó kan èmi náà.

Ní ìparí táàmù kan, ilé ìwé kó ọmọ mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí excursion. Níbo? Ilé ìtajà ńlá kan ni. Wọ́n gun àtẹ̀gùn tí ń rìn fúnra rẹ̀, wọ́n jẹ mítì-páì, wọ́n padà wálé. Mo bi í pé kí ló kọ́. Ó ní, "Dádì, ó dùn." A sanwó kí ọmọ lè lọ wo ibi tí a ó tún ti náwó!

Lẹ́yìn náà ni mo fi igi irúgbá kan hàn án lẹ́bàá ọ̀nà Kúbwà. Kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó ń jẹ irú nínú ọbẹ̀ kò mọ igi tí irú ti ń wá! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ pe tiyín kí ẹ bi í. A ń ráhùn pé àwọn ọmọ wa kò gbọ́ Yorùbá. Báwo ni wọn yóò ṣe mọ orúkọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi hàn wọ́n rí?

Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn tó lè kọ́ wọn wà nítòsí. Àbújá níbí ni olú ilé iṣẹ́ National Park Service wà. Àwọn aṣọ́gbó wọn mọ ipasẹ̀ ẹfọ̀n yàtọ̀ sí ti ìgalà. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe kí wọ́n máa lé ọdẹ kiri nìkan. Wọ́n a máa dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé tó wà lẹ́bàá igbó ọba, láti kọ́ wọn ní ìtọ́jú igi àti ẹranko. Ọmọ abúlé ń rí i gbà, ọmọ olú ìlú kò mọ̀ pé ó wà.

Méje ni irú igbó ọba bẹ́ẹ̀ kí ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí mẹ́wàá sí i ní 2020. Ọ̀kan nínú méje àkọ́kọ́ ni Old Oyo National Park. Ó ju 2,500 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Inú rẹ̀ ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, níbi tí Aláàfin ti jọba kí ìlú náà tó tú ní nǹkan bí 1830 sí 1840. Ilé bàbá wa ni àwọn aṣọ́gbó yẹn ń ṣọ́!

Ní Amẹ́ríkà, láti 2015 ni ìjọba Obama ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ tó bá wà ní kíláàsì kẹrin ní ìwé àṣẹ ọ̀fẹ́, kí òun àti ẹbí rẹ̀ lè wọ àwọn igbó ìjọba fún odidi ọdún kan. Wọn kò fún wọn ní ìwé àṣẹ ilé ìtajà.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Ṣé o fẹ́ kí ajínigbé kó wọn lọ ni?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Èmi náà kò ní fi ọmọ mi sọ́kọ̀ lọ sínú igbó jíjìn láìsí ààbò. Ṣùgbọ́n ta ló ní dandan ni kí a lọ jìnnà? Millennium Park, tí Ọbabìnrin Elizabeth ṣí ní 2003, wà ní Maitama láàárín ìlú. Kí aṣọ́gbó pàdé wọn níbẹ̀. Kódà, igi kan ṣoṣo nínú ọgbà ilé ìwé tó fún ẹ̀kọ́ wákàtí kan.

Ẹlòmíràn yóò ní kò sí nínú ìdánwò. Ilé ìtajà ha wà nínú ìdánwò bí?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ excursion ilé ìtajà sílẹ̀ ní ìpàdé òbí àti olùkọ́. Kí àwọn olóyè ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí National Park Service, kí wọ́n yọ̀ǹda aṣọ́gbó fún àwọn ọmọ wa nígbà ọlidé gígùn. Bí aṣọ́gbó náà bá jẹ́ Tífì tàbí Haúsá, kí àgbà kan láàárín wa dúró tì í láti máa pe orúkọ ní Yorùbá.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí tiwa tà á. Àṣẹ.