Ọkọ̀ Tó Kọ Orúkọ Sára, Ibo Lẹ Gbé E Sí?

Ẹ̀yin ìyálọ́jà wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ní Mówè, ní Ìbàfò àti ní Ìfọ̀, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lẹ́nu, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kó tó di ìjà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ tó kọ orúkọ iṣẹ́ sára ni. Ẹ mọ̀ wọ́n: àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe, àwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, àwọn alágbo tó ń fi gbohùngbohùn polówó. Ọkọ̀ wọn ni ṣọ́ọ̀bù wọn. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Láyé bọ̀lẹ́kájà pàápàá, àdúrà, òwe àti orúkọ olówó ọkọ̀ máa ń wà lára mọ́tò. Nígbà tí fóònù GSM dé ní 2001, nọ́ńbà náà wá kún un. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí fírísà mi bá kú lóru, níbo ni mo ti fẹ́ rí ẹni tó máa tún un ṣe, bí kì í bá ṣe nọ́ńbà tí mo rí lára ọkọ̀?

Ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ ọ̀hún sí ni wàhálà wà.

Ẹja yìnyín ni mo ń tà ní Mówè. Lọ́jọ́ kan báyìí, ọkọ̀ tó gbé páálí ẹja wa dé, kò rọ́nà wọlé. Bọ́ọ̀sì àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe ló dúró gbọnrangandan sẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Nọ́ńbà lára rẹ̀ tóbi ju orí mi lọ. Mo pè é, pè é, kò gbé e. Oòrùn ń ràn, omi ń kán lára páálí. Nígbà tí ọ̀gá náà fi dé, ó ní, "Ẹ má bínú màmá, mo sanwó ìpolówó ọkọ̀ fún káńsù o."

Haba! Lóòótọ́, òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi àbójútó ìpolówó ìta gbangba sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ohun tó kọ sára ọkọ̀ ló san, kì í ṣe owó ẹnu ọ̀nà ọjà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni fírísà mi kú. Gbogbo ìlà ẹlẹ́ja ló ti mọ nọ́ńbà ọkùnrin yẹn lórí. Kò sẹ́ni tó pè é. Ẹlòmíràn la pè.

Èyí tó wà létí márosẹ̀ tún burú jù. Láti 1978 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni tírélà àti tánkà ti ń gba Mówè àti Ìbàfò kọjá. Tí alágbo bá gbé ọkọ̀ sétí títì, tí èrò pé lé e lórí, ibo ni ọmọ tó gbé igbá sórí máa gbà? Ojú títì náà ni. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà tó bàjẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Mo mọ̀ pé àwa náà jẹ̀bi. A ń pàtẹ kọjá ibi tí wọ́n fún wa, lẹ́yìn náà a ó máa bi ọlọ́kọ̀ pé kí ló dé tí kò ráyè dúró.

Nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi tó ń lọ ata ní Ìfọ̀, mo rí ọmọkùnrin kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ Márúwá tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bi ìyá tó ń ta ẹ̀wà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè gbé e síbí?" Ó kọ ọ́ sórí bébà pé òun wà ní ìlà alátà, ó fi há gíláàsì. Kí n tó kúrò níbẹ̀, obìnrin méjì ti gba nọ́ńbà rẹ̀.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, mo fẹ́ dá a lábàá pé ká ya àyè kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn ọjà fún àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí, ká fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún ọkọ̀ tó ń já ọjà títí di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí gbohùngbohùn sì dákẹ́ tí ọkọ̀ bá ti dúró. Káwa náà sì kó àtẹ wa sẹ́yìn. Èmi ni màá kọ́kọ́ kó tèmi. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó wá bá wa sọ ọ́ níbẹ̀.