Ilé onílé, owó ayálégbé: Ta ló ni àtúnṣe tí a ṣe sí ilé tí a yá?

Ní Àbújá, ní Èkó, ní Port Harcourt àti ní Accra, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ilé tuntun kì í sábà kó ẹrù wọlé lọ́jọ́ náà. Pẹ́ńtà ló máa ń kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni púlọ́mbà yóò wá wo ẹ̀rọ omi tó ń jò, tí oníná yóò yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti jóná, tí kafíńtà yóò sì tún ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tí omi ti jẹ ṣe. Àpò ayálégbé ni gbogbo owó yìí ti ń jáde, lẹ́yìn tó ti san owó ilé, owó agẹ́ńtì, owó agbẹjọ́rò àti owó tí onílé ń gbà sílẹ̀ nítorí ohun tó bá bàjẹ́.

Ó ti di àṣà débi pé ènìyàn díẹ̀ ló ń bi í léèrè mọ́. Àmọ́ ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí á gbé yẹ̀wò, pàápàá lásìkò tí ọ̀dà àti sìmẹ́ńtì ti wọ́n kọjá ohun tí owó oṣù lè ká: bí ayálégbé bá ná owó sí ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, ta ló ni ohun tí owó náà rà?

Kí ló dé tí ayálégbé fi ń ṣe iṣẹ́ onílé?

Ìdáhùn àkọ́kọ́ wà nínú bí a ṣe ń san owó ilé. Ní Nàìjíríà, owó ọdún kan gbáko ni ọ̀pọ̀ onílé ń gbà ṣáájú, àwọn mìíràn a sì béèrè owó ọdún méjì. Ní Ghana, Òfin Owó Ilé ti ọdún 1963 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti wá ilé ní Accra mọ̀ pé owó ọdún méjì ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Ẹni tó ti san owó ọdún méjì sílẹ̀ kò lè kó jáde lóṣù kẹta nítorí pé ara ògiri ń ṣí. Owó rẹ̀ ti wọlé, òun náà ti wọlé, ohun tó kù ni kó mú kí ilé náà ṣeé gbé.

Onílé pẹ̀lú mọ èyí. Níbi tí ènìyàn márùn-ún bá ti ń du yàrá kan, kò sí ohun tó ń lé onílé láti lọ ra ọ̀dà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo onílé ni ọ̀dájú. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tó fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́ ilé kan ṣoṣo, tí owó ilé náà sì jẹ́ oúnjẹ àti oògùn wọn. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, owó ohun ìkọ́lé gòkè fún onílé àti ayálégbé bákan náà. Ní Ghana, ọ̀wọ́n gógó ọjà ti kọjá ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ọdún 2022 ń parí lọ. Láàárín àwọn méjèèjì, ẹni tí yóò sùn síbẹ̀ lálẹ́ ló ń kọ́kọ́ mú owó jáde.

Òkúta tí adájọ́ kan tọ́ka sí lọ́dún 1872

Òfin tí Nàìjíríà àti Ghana jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìlànà àtijọ́ kan: ohun tí a bá ti mọ mọ́ ilẹ̀ ti di ti ilẹ̀, ẹni tó ni ilẹ̀ ló sì ni ín. Lọ́dún 1872, nínú ẹjọ́ Holland àti Hodgson ní England, Adájọ́ Blackburn ṣe àpèjúwe kan tí àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń lò títí dòní. Bí a bá to òkúta lé ara wọn láìlo amọ̀ tàbí sìmẹ́ńtì, tí a fi wọ́n ṣe ògiri, òkúta wọ̀nyẹn ti di ara ilẹ̀. Bí a bá to òkúta kan náà jọ sínú ọgbà ẹni tó ń kọ́lé tà, ẹrù lásán ni wọ́n ṣì jẹ́. Ohun méjì ni ilé-ẹjọ́ ń wò: bí nǹkan náà ṣe lẹ̀ mọ́ ilé tó, àti ohun tí a torí rẹ̀ gbé e síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sínú pálọ̀ wa. Ọ̀dà tó ti mu ara ògiri ti di ti onílé; kò sẹ́ni tó lè ha á kúrò kó sì kó o lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni táìlì àti àjà POP. Kọ́tìnì, fìríìjì àti kápẹ́ẹ̀tì tí a kàn tẹ́ sílẹ̀ jẹ́ ti ayálégbé. Àárín ni wàhálà wà: fáànù òkè àjà, ẹ̀rọ amúlétutù, iná ọlọ́ṣọ̀ọ́, kọ́bọ́ọ̀dù tí kafíńtà kàn mọ́ ògiri ilé ìdáná, ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga. Òfin kan náà fàyè gba ayálégbé láti tú ohun ọ̀ṣọ́ àti ohun èlò inú ilé tó fi owó ara rẹ̀ gbé kọ́, bó bá lè tú u láìba ilé jẹ́ púpọ̀, kí àkókò rẹ̀ nínú ilé náà tó parí. Ẹni tó tú ẹ̀rọ amúlétutù tó sì fi ihò sílẹ̀ lára ògiri gbọ́dọ̀ dí ihò náà. Ẹni tó ti kó jáde tán, tó wá padà wá béèrè fáànù rẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì, lè rí i pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ òun.

Gbólóhùn kan nínú òfin Èkó

Ní ìpínlẹ̀ Èkó, òfin lọ síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 6 nínú Òfin Ilé Yíyá ti ọdún 2011 sọ pé ayálégbé tó ń kó jáde lè béèrè kí onílé san owó àtúnṣe tó mú ilé dára sí i padà fún òun. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n okùn mẹ́ta ni wọ́n so mọ́ ọn. Onílé gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí àtúnṣe náà ṣáájú, nínú ìwé. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé onílé ló fòpin sí ìyálégbé náà. Ìwé àdéhùn àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ sọ ohun tó yàtọ̀.

Okùn tó gbẹ̀yìn yìí ló ń kọ́kọ́ já ènìyàn kulẹ̀. Agbẹjọ́rò onílé ló ń kọ ìwé àdéhùn, ayálégbé ló sì ń sanwó rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ kí gbólóhùn kan fara pamọ́ sínú rẹ̀ pé ohunkóhun tí ayálégbé bá fi kún ilé ti di ti onílé láìsan kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ ń buwọ́ lù ú láìkà á, nítorí pé agẹ́ńtì ti sọ pé ẹlòmíràn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ti àṣẹ inú ìwé náà kò kéré. Abala 7 nínú òfin yìí kan náà kò gbà kí ayálégbé yí ilé padà tàbí kí ó fi nǹkan kún un láìgba ìwé àṣẹ. "Ẹ máa ṣe é, kò sí wàhálà" tí onílé sọ lẹ́nu kò tó. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ẹnu tẹ́ táìlì kò lè béèrè owó rẹ̀ padà, onílé sì tún lè sọ pé ó rú òfin.

Okùn kejì ló ń kọ mí lóminú jù. Onílé tó fẹ́ kí ayálégbé lọ kò nílò ìwé kó-jáde-nílé. Ó lè sọ owó ilé di ìlọ́po méjì. Bí ayálégbé kò bá rí i san, tó sì kó ẹrù rẹ̀, ta ló fòpin sí ìyálégbé náà? Lójú ìwé, ayálégbé ló lọ fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, abala 37 fún un láǹfààní láti sọ fún ilé-ẹjọ́ pé àfikún náà ti pọ̀ jù, ilé-ẹjọ́ yóò sì wo iye tí wọ́n ń gbà fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Ṣùgbọ́n irú ilé wo? Ilé náà ti wá ní táìlì, POP àti ọ̀dà tuntun, tí ayálégbé fi owó ara rẹ̀ ṣe. Ohun tó ná ni onílé lè fi dá àfikún náà láre. Bó bá sì ti kó jáde, agẹ́ńtì yóò ya fídíò ilé náà, yóò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni.

Nígbà tí àwọn aṣòfin Èkó gbé àbá òfin tuntun lórí ilé yíyá yẹ̀wò lọ́dún 2025, owó agẹ́ńtì àti iye oṣù tí onílé lè gbà ṣáájú ló gba gbogbo ẹnu kan. Ó dùn mí pé ariwo ọ̀dà kò tó nǹkan níbẹ̀.

Òfin 2011 yìí kò tilẹ̀ kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà. Ní Àbújá, òfin tí wọ́n ń lò dá lórí bí onílé ṣe lè gba ilé rẹ̀ padà: irú ìwé tó gbọ́dọ̀ kọ, àkókò tó gbọ́dọ̀ fún ayálégbé, ilé-ẹjọ́ tó gbọ́dọ̀ lọ. Lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dà àti táìlì, ìwé àdéhùn ni ẹlẹ́rìí.

Ohun tí Abidjan fi sàn díẹ̀

Ní Côte d'Ivoire, òfin ọdún 2018 lórí ilé yíyá fi òpin sí ohun tí onílé lè gbà nígbà ìwọlé: owó oṣù méjì ṣáájú, àti owó oṣù méjì mìíràn nítorí ohun tó bá bàjẹ́. Kì í ṣe gbogbo onílé ló ń tẹ̀ lé e. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kí á wò lọ́dọ̀ wọn ni ìwé tí wọ́n ń pè ní état des lieux lédè Faransé, èyí tí àwọn ọmọ wa tó ń yá ilé ní Cotonou àti Lomé náà mọ̀. Onílé àti ayálégbé yóò jọ rìn yí ilé ká, yàrá kan tẹ̀lé òmíràn, wọn yóò sì kọ ohun tí wọ́n rí: ògiri yìí ti sán, gíláàsì yìí ti fọ́, ẹ̀rọ omi yìí ń jò. Àwọn méjèèjì yóò buwọ́ lù ú nígbà ìwọlé, wọn yóò sì tún irú rẹ̀ kọ nígbà ìjáde.

Ìwé yìí ló sọnù jù lọ lọ́dọ̀ àwa tí à ń lo òfin Gẹ̀ẹ́sì. Láìsí i, kò sẹ́ni tó lè fi hàn bí ògiri ṣe rí kí pẹ́ńtà tó dé, onílé a sì di owó ayálégbé mú. Fóònù lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà: kí á ya fídíò gbogbo yàrá ṣáájú iṣẹ́, kí á fi ránṣẹ́ sí onílé lórí WhatsApp, níbi tí ọjọ́ àti àkókò yóò ti hàn.

Lórí Instagram àti TikTok, ọ̀pọ̀ ń polówó bébà ògiri tí a lè lẹ̀ kí á sì bó láìsí àpá. Ó dára nínú fídíò. Ògiri tí ọ̀rinrin ti mu nígbà òjò máa ń bó tòun ti ọ̀dà. Síbẹ̀, èrò inú rẹ̀ tọ́: kí owó wa pọ̀ sórí ohun tí a lè gbé lọ. Ní ti wíwó ògiri láti sọ yàrá méjì di ọ̀kan, ìyẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ rárá. Ó lè jẹ́ pé ògiri yẹn ló gbé òkè dúró.

Àwọn ayálégbé kan ti ń bá onílé dúnàádúrà pé kí ó yọ owó àtúnṣe kúrò nínú owó ilé ọdún tó ń bọ̀. Ó rọrùn fún onílé tí kò lówó lọ́wọ́, ayálégbé náà kò sì ní dúró de ọjọ́ tí wọn yóò lé e kó tó gba owó rẹ̀. Ìwé rẹ̀ kò gùn: iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe, iye tí yóò ná wa, iye tí onílé yóò yọ àti ìgbà tí yóò yọ ọ́, àti ẹni tó ni ohun tó ṣeé tú. Ẹni tó ni ilé gan-an ni kí ó buwọ́ lù ú, nítorí agẹ́ńtì lè yí padà, ọmọ onílé sì lè jogún ilé láìmọ ohun tí bàbá rẹ̀ sọ. Kí ọjọ́ orí ìwé náà sì ṣáájú ọjọ́ orí rìsíìtì ọ̀dà.