Ẹ̀sùn tí a fi kan Glele, ọba Dàhòmì

Ẹni tó bá dúró lórí ọ̀kan nínú àwọn òkè Dassa-Zoumè (Ìdáàṣà), tó kọjú sí gúúsù, ọ̀nà Abomey, olú-ìlú Dàhòmì, ló ń wò. Ọ̀nà yẹn ni ogun ń gbà wá láyé àtijọ́. Orí àpáta wọ̀nyí ni àwọn ará Ìdáàṣà ń sá gùn, tọmọdé tàgbà, bí ọmọ-ogun Dàhòmì bá ti jáde. Bí gbogbo ayé bá wá ń yin Glele, tó jọba láti 1858 títí di 1889, pé òun ni baba àwọn oníṣẹ́ ọnà, ó yẹ kí ẹnìkan gbẹnu sọ fún apá ibí.

A ò ní kò fẹ́ràn ọnà. Ère irin Gu, òrìṣà ogun, wà ní Louvre ní Paris títí dòní, ẹni tó bá rí i kò ní gbàgbé. Ère kìnnìún tó nàró bí ènìyàn, tó dúró fún Glele fúnra rẹ̀, wà lára ohun 26 tí ilẹ̀ Faransé dá padà fún orílẹ̀-èdè Benin ní oṣù kọkànlá 2021.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ti ara ère Gu yẹn jáde. Akati Ekplekendo tó rọ ọ́, ẹrú ogun ni. Doumè ni wọ́n ti kó o. Ìrántí Guezo, baba Glele, ni wọ́n ní kó fi ṣe. Wọ́n ba ìlú ọkùnrin náà jẹ́, wọ́n tún ní kó fi òòlù rẹ̀ bọlá fún ilé tó bà á jẹ́. Àwọn ọmọ ìlú pàápàá kò bọ́: ìdílé Yemadje tó ń rán aṣọ aláwòrán, ìdílé Hountondji tó ń rọ idẹ àti fàdákà, ọba ló ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi ni ti Bántè, tí kò jìnnà sí òkè wa. Guezo ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1852 pé òwò ẹrú dópin. Síbẹ̀ ní 1860, àwọn ọmọ-ogun Glele ká ìlú kan mọ́lé ní agbègbè Bántè kí ojúmọ́ tó mọ́. Oluale Kossola wà lára àwọn tí wọ́n kó. Ó dàgbà, ó darúgbó ní Alabama, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston: bí wọ́n ṣe pa ọba ìlú rẹ̀, bí wọ́n ṣe so orí àwọn tí wọ́n bẹ́ mọ́ ìdí, bí wọ́n ṣe dúró lójú ọ̀nà láti fi èéfín yan àwọn orí náà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Ní Ouidah ni wọ́n ti tà á, òun àti nǹkan bí 110 ènìyàn, fún ọkọ̀ òkun Clotilda ti Amẹ́ríkà, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti ka irú òwò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ láti 1808. Kossola kú ní 1935 láì tún fojú kan ilé.

Ìṣàgá ńkọ́? Glele pa á run ní 1862. Abẹ́òkúta lé e padà ní 1864. Ó kọlu Kétu ní 1883, ó padà wá ní 1886, ó sun ún, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Abomey. Ẹ wá wo ara ògiri ààfin rẹ̀: ogun tí ó bá àwọn Nàgó, àwa Yorùbá, jà ni wọ́n fi amọ̀ mọ síbẹ̀, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ mèremère. Ikú àwọn ènìyàn wa ló sọ di ẹ̀ṣọ́ ilé.

Àwọn agbèjà rẹ̀ á ní ẹ̀san baba rẹ̀ ló ń gbà. Kí ni ọmọ kékeré Bántè fi ṣe Guezo? Wọ́n á ní àwọn Yorùbá náà ta ẹrú. Òótọ́ ni, Ìbàdàn ṣe é, Ìjẹ̀bú ṣe é, ó sì yẹ kí a fẹ̀sùn kan àwọn náà lórúkọ. Ìyẹn kò dá Glele láre.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọ̀nyí, ní Benin àti ní Paris, kò ju ìwé pélébé kan lọ: níbikíbi tí wọ́n bá ti kọ orúkọ Glele sí ìdí ère, kí wọ́n kọ Doumè, Bántè, Ìṣàgá àti Kétu mọ́ ọn, pẹ̀lú ọdún tí Dàhòmì kó wọn.